ALÁRINÀ NI, KÌ Í ṢE ALÁGBÀTÀ: Èrò kan lórí orúkọ tí ó yẹ òwò tuntun orí íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun kò parí síbi pé ó rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó lè dúró ní ipò ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè mọ̀, láti ara ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọn kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan. Ìṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Ẹni tí kò fojú kan rédíò rí ti mọ ohun pàtàkì kan nípa rẹ̀ láti ara orúkọ yìí.

Òwò kan wà lóde òní tí ó nílò irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gidigidi. Òun ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní affiliate marketing. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ́ orúkọ yìí lójoojúmọ́. Wọ́n ń gbọ́ pé ènìyàn lè jókòó sílé kí ó máa fi fóònù pa owó, pé kò nílò ọjà, kò nílò ìsọ̀, kò sì nílò owó ìdókòwò. Nínú ohun tí wọ́n ń gbọ́, òótọ́ wà, irọ́ sì wà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ èyí tí í ṣe òótọ́ àti èyí tí í ṣe irọ́. Àwọn kan ti san owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àìsí orúkọ tí ó yé ni wà lára ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀. Ó sì tún sọ pé Yorùbá ti ní orúkọ tí ó bá òwò náà mu kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Orúkọ náà ni alárinà.

2. Bí òwò náà ṣe rí

Ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé òwò yìí kò ṣòro láti wò, nítorí ẹni mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni kìíní ni ọlọ́jà, tí ó ní ọjà, tí ó sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni kejì ni òǹrajà. Ẹni kẹta ni ẹni tí ó wà láàárín wọn, tí ó ní ibi kan tí àwọn ènìyàn ti ń ka ohun tí ó kọ tàbí tí wọ́n ti ń wo ohun tí ó yà.

Ọlọ́jà fún ẹni kẹta yìí ní ìjápọ̀ kan, tí nọ́ńbà tí a fi ń dá òun nìkan mọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí òǹkàwé bá tẹ ìjápọ̀ náà, yóò bá ara rẹ̀ ní ìsọ̀ ọlọ́jà. Ẹ̀rọ ọlọ́jà yóò sì fi àmì kékeré kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù òǹkàwé, kí ó lè rántí ẹni tí ó júwe ọ̀nà fún un. Bí òǹkàwé bá rajà kí gbèdéke àmì náà tó pé, ọlọ́jà yóò yọ ìdá kan nínú owó ọjà fún ẹni tí ó wà láàárín. Bí kò bá rà á, kò sí owó. Bí ó bá rà á tí ó sì dá a padà, ọlọ́jà yóò gba owó tí ó yọ náà padà.

Òwò náà kì í ṣe ti àná. Ní 1989, William J. Tobin ti ń ta òdòdó ní Amẹ́ríkà nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ PC Flowers & Gifts lórí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Prodigy, ó sì ń san ìdá kan nínú owó tí ó bá wọlé. Ní 1994, CDNow, tí ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù orin, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn tí wọ́n bá darí òǹrajà sí i láti ojú-ewé tiwọn. Ní oṣù keje 1996 ni Amazon, tí ń ta ìwé nígbà náà, gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀, ètò yìí ni ó sì sọ òwò náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Jumia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, náà ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde.

3. Àwọn orúkọ tí kò tó

Orúkọ mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ògbufọ̀ kọ́kọ́ bà.

Èkíní ni kí ó yá ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì kọ ọ́ ní afílíétì. Ọ̀rọ̀-àyálò kò burú nínú ara rẹ̀. Tábìlì, bíríkì àti fóònù ti di Yorùbá, wọn kò sì ni ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń bà ni tábìlì. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà lè nawọ́ sí i, kí ó sì béèrè. Òwò kò ṣeé nawọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ ni ojú tí ènìyàn fi ń wò ó, bí orúkọ náà bá sì fọ́jú, ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò ṣìnà.

Èkejì ni ìtumọ̀ tààrà, irú bí ìtajà aláfaramọ́. Ewu ńlá ni ó wà nínú èyí. Ẹni tí ó gbọ́ pé òun fara mọ́ ilé-iṣẹ́ kan yóò rò pé òun ti di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ kò jẹ ẹ́ ní owó oṣù, kò sì ṣèlérí pé iye tí òun ń san lónìí ni òun yóò san lọ́la. Ní oṣù kẹrin 2020, Amazon dín ìdá tí ó ń san lórí àga, tábìlì àti irú wọn kù láti 8 nínú 100 sí 3 nínú 100, ó sì dín ti oúnjẹ kù láti 5 sí 1. Àwọn tí wọ́n fi ojú òṣìṣẹ́ wo ara wọn kò rí ibi gbé ẹjọ́ wọn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìpolówó. Òótọ́ ni pé ìpolówó wà nínú òwò yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà láti polówó ti gba owó rẹ̀ nígbà tí ó polówó tán, ìbáà tà, ìbáà má tà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ní kọ́bọ̀ kan láti gbà àfi bí ọjà bá tà. Orúkọ tí ó bá fi ìyàtọ̀ yìí pamọ́ ti fi ìdí òwò náà pamọ́.

Ẹ̀kẹrin ni alágbàtà, òun ni ó sì lágbára jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́, bí a bá tú u palẹ̀, ìṣe méjì ni yóò jáde: gbígbà àti títà. Alágbàtà gba ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó gbé e sí iwájú ara rẹ̀, ó fi tirẹ̀ lé iye rẹ̀, ó tà á, ó sì gba owó lọ́wọ́ òǹrajà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé alágbàtà ni ó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ọjà kò dé ọwọ́ rẹ̀, owó òǹrajà kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì ní àṣẹ láti fi náírà kan lé iye tí ọlọ́jà dá.

4. Alárinà

Nínú ìgbéyàwó àbáláyé Yorùbá, bí ojú ọmọkùnrin tàbí ti àwọn òbí rẹ̀ bá wà lára ọmọbìnrin kan, wọn kì í dédé lọ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Alárinà ni wọn yóò wá. Alárinà ní láti mọ ìdílé méjèèjì tàbí kí ó wádìí wọn: irú ènìyàn wo ni wọ́n, kí ni iṣẹ́ wọn, àìsàn wo ni ó ń ṣe ìran wọn, ṣé kò sí ìjà ìdílé láàárín wọn. Òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ti ìhín lọ sí ọ̀hún. Kì í ṣe òun ni ó bí ọmọ, kì í ṣe òun ni yóò fẹ́ ẹ, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni owó orí ń gbé. Bí ìgbéyàwó bá yọrí, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá yọrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rìn lásán. Bí àwárí rẹ̀ bá sì di ẹkún lẹ́yìn ọ̀la, orúkọ rẹ̀ ni ìdílé méjèèjì yóò máa pè.

Bí a bá fi èyí wé ohun tí apá kejì sọ, ìbáramu náà hàn kedere. Ẹni tí ó wà láàárín kò ni ọjà, kò gba ọjà, kò gba owó ọjà. Ẹ̀yìn ìyọrísí ni tirẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní ni ìgbàgbọ́ tí àwọn ènìyàn ní nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Òwe kan sì wà tí ó parí ọ̀rọ̀ náà: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Kò sí ìwé ìkọ́ni kan tí ó lè sọ ewu òwò yìí ní kúkúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkàwé tí ó tipasẹ̀ alárinà dé ìsọ̀ ọlọ́jà lónìí ti mọ ọ̀nà. Lọ́la, yóò bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Ní Amazon, wákàtí 24 ni gbèdéke àmì náà lẹ́yìn tí òǹkàwé bá ti tẹ ìjápọ̀. Bí ó bá padà wá rajà ní ọjọ́ kẹta láìsí pé ó ti fi ọjà náà sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, alárinà ti yẹ̀bá nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun nínú òwò yìí gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa mú òǹkàwé padà sọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ afárá tí ènìyàn ń gùn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àtakò méjì ni ó ṣeé ṣe kí àwọn onímọ̀ gbé dìde. Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni alárinà, pé ìwọ̀sí ni kí wọ́n wọ́ ọ wá sí ọjà. Ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ kì í ṣe ohun tuntun nínú èdè yìí. Ojú omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ọkọ̀ ilẹ̀ wà, ọkọ̀ ojú irin wà, ọkọ̀ òfuurufú sì wà, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú pé wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lórí omi. Àwọn mìíràn lè ní alágbàtà ni ọlọ́jà mọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n alágbàtà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó gbé àwòrán ọjà ọlọ́jà sí ojú-ewé tirẹ̀, tí ó dá iye tirẹ̀ lé e, tí ó gba owó lọ́wọ́ òǹrajà, tí ó sì wá sọ fún ọlọ́jà pé kí ó fi ọjà ránṣẹ́ sí òǹrajà náà, alágbàtà pọ́ńbélé ni. Òfin tí ó de òun yàtọ̀, gbèsè tí ó lè jẹ náà yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá dúró sí ipò wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ òwò méjèèjì yàtọ̀ láìsí àlàyé púpọ̀.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́ ọn

Bí orí bá ti tọ́, ara kì í ṣòro. Òwò alárinà ni òwò náà yóò jẹ́, ìjápọ̀ alárinà sì ni ìjápọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó tí ó ń gbà yóò máa jẹ́ owó alárinà nínú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́míṣọ̀n kò burú nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò yẹ kí wọ́n pè é ní èrè, nítorí ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti yọ owó ìdókòwò rẹ̀ ni èrè. Kò sì yẹ kí wọ́n pè é ní owó ọ̀yà, nítorí iṣẹ́ tí a ṣe ni owó ọ̀yà wà fún, ìbáà yọrí, ìbáà má yọrí.

Àmì tí ẹ̀rọ ń fi pamọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cookie. Lou Montulli ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1994 nígbà tí ó wà ní Netscape. Ògbufọ̀ tí ó bá pe èyí ní bisikíìtì ti pa òǹkàwé rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Àmì ìdámọ̀ ni ó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni gbèdéke àmì ti jáde, ìyẹn ni iye àkókò tí àmì náà fi ń ṣiṣẹ́. Láti ara rẹ̀ náà ni àmì èké ti jáde: kí ènìyàn ta ọgbọ́n láti fi àmì tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ àwọn tí kò tẹ ìjápọ̀ rẹ̀ rárá, kí ó lè gba owó lórí ọjà tí kò júwe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni èyí lábẹ́ òfin. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Kalifọ́níà rán àwọn ọkùnrin méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ eBay.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún kù. Nígbà tí òǹkàwé bá di òǹrajà, ìdòǹrajà ni èyí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò fún ìyípadà láti ìwọ̀n kan sí òmíràn kò bá a mu. Apá ọjà kan tí alárinà yàn láti máa sọ̀rọ̀ lé lórí sì lè jẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀ aláṣọ ti yàtọ̀ sí ìsọ̀ aláta ní ọjà gbogbo.

6. Ohun tí orúkọ náà ń kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ tí ó bá fi orúkọ yìí kọ́ni yóò rí i pé ìdajì ẹ̀kọ́ ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni ìwádìí. Alárinà kì í júwe ìdílé tí kò mọ̀. Nítorí náà, ìsọ̀ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ó yàn, kì í ṣe èyí tí ó gbọ́ pé owó rẹ̀ pọ̀ jù. Agbẹ̀bí tí ń kọ̀wé nípa ohun èlò ọmọ tuntun yóò rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ẹni tí ń ju ìjápọ̀ oríṣiríṣi ọjà káàkiri lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni sùúrù àti ìṣirò. Bí ọjà kan bá jẹ́ ₦20,000, tí owó alárinà sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ₦1,000 ni yóò kàn án lórí ẹyọ kan. Ká ní ènìyàn 1,000 ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí 100 tẹ ìjápọ̀, tí 2 sì rajà, ₦2,000 ni. Bí ẹnì kan bá dá tirẹ̀ padà, ó ku ₦1,000. Owó náà kì í sì í yá: nǹkan bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí oṣù bá parí ni Amazon ń san án. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà yóò ti ìwé alárinà tuntun pa bí kò bá mú ọjà mẹ́ta tà láàárín ọjọ́ 180. Èyí kò sọ pé òwò náà kò dára. Ó sọ pé iṣẹ́ oko ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni òtítọ́. Kò sí alárinà tí ó ń díbọ́n pé òun kì í ṣe alárinà. Ìdílé méjèèjì mọ ohun tí ó gbé e wá. Ẹni tí ó bá ń yin ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé òun yóò gba owó bí ọjà náà bá tà. Ìkéde àǹfààní ni orúkọ tí ó yẹ èyí. Àjọ tí ń mójú tó ìṣòwò ní Amẹ́ríkà ti ní ìlànà lórí rẹ̀ láti 1980, ó sì tún un ṣe ní 2009 àti ní 2023. Ní Nàìjíríà, òfin 2018 tí ó ń dáàbò bo òǹrajà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn kan ń lo orúkọ òwò yìí láti bo òmíràn mọ́lẹ̀. Wọn yóò ní kí ènìyàn san owó kí ó tó lè wọlé, owó tí yóò sì máa rí kì í ṣe lára ọjà tí ó tà, bí kò ṣe lára àwọn tí òun náà bá mú wọlé tí wọ́n san tiwọn. Òwò ìkóniwọlé ni ó yẹ kí èyí máa jẹ́, kí ó má ṣe jẹ orúkọ òwò alárinà. Owó àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti àwọn tí ó ṣíwájú. Ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá wọlé mọ́, ilé náà wó. Ní oṣù kejìlá 2016 ni MMM ti owó àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́lẹ̀, kò sì sí ọjà kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ sílé. Ẹni tí ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ alárinà ní ìbéèrè kan tí yóò máa bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wa bá jẹ́ alárinà, tí alárinà sì ń wá alárinà, níbo ni ìyàwó wà?

7. Ìgúnlẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè dá gbájúẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ìṣe nǹkan ń fún ẹni tí ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi wọn ohun tí wọ́n bá gbé wá bá a. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn tí ń ṣe àkójọ èdè-ìperí gba òwò alárinà wọlé, kí wọ́n jẹ́ kí alágbàtà dúró sí ipò rẹ̀, kí wọ́n sì fi òwò ìkóniwọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn mìíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù, kí wọ́n mú un wá. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni pé, bí ọmọdé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ ọ, ǹjẹ́ yóò mọ ẹni tí ó ni ọjà, ẹni tí ó ń san owó, àti ìgbà tí owó náà tó di tirẹ̀?